Géèmù Ọlọ́pàá Tó Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Mi: Ibi Tó Dáa Sí, Ibi Tó Kù Sí

Ohùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kakuri, ní Sabon Tasha, ní Tudun Wada, ní Kawo, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà báyìí tẹ́ ẹ ń kó ẹrù bọ̀ láti Èkó, Ọlọ́run á sọ yín délé o.

Ìyá wa kan ló béèrè ọ̀rọ̀ lórí gúrúùpù yìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n bá ti jáde níléèwé, ó wá ń sọ nílé pé òun ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, pé òun ń wá apànìyàn. Wọ́n ní ṣé tẹ́tẹ́ ni àbí kí ni. Bàbá kan dá wọn lóhùn pé ọ̀kan náà ni gbogbo géèmù, pé kí wọ́n fà á létí kó lọ jókòó ti ìwé ẹ̀. Èmi ni mo ni géèmù náà, èmi ni mo ń gbowó lórí ẹ̀, kò yẹ kí n dákẹ́. Mo ní kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́, kí n sọ ibi tó dáa sí, kí n má sì fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó pamọ́. Géèmù yìí ti kó mi sí wàhálà rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màá débẹ̀.

Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Kò sí owó kankan tí èèyàn ń jẹ níbẹ̀. Kì í sì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ máa ń torí ẹ̀ bú ara wọn. Orúkọ ẹ̀ ni L.A. Noire. Ọdún 2011 ló jáde. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Team Bondi ní ìlú Sydney, lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, ló ṣe é. Rockstar Games ló gbé e jáde, àwọn kan náà tó ni GTA tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ti PS3 ló wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n tún un ṣe fún PS4 lọ́dún 2017.

Ìlú Los Angeles ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1947, ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ tó mú pádì dání, ìwọ ni Cole Phelps, sójà tó jà dé Okinawa ní Japan kó tó padà wálé wá di ọlọ́pàá. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń rìn ní ìgboro, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ mọ́tò, ó bọ́ sí ẹ̀ka ìpànìyàn, láti ibẹ̀ sí ẹ̀ka oògùn olóró àti aṣẹ́wó, ó wá parí sí ẹ̀ka tó ń wádìí àwọn tó ń dìídì finá sílé. Ẹjọ́ mọ́kànlélógún ló wà nínú ìtàn ọ̀hún.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n á ní wọ́n rí òkú síbì kan, tàbí pé wọ́n rí mọ́tò kan, ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀, ẹni tó ni ín ò sí níbẹ̀. Wàá wakọ̀ débẹ̀. Wàá máa rìn káàkiri, wàá máa wolẹ̀. Tó o bá sún mọ́ nǹkan, pádì á gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ, ohùn kékeré kan á dún. Wàá gbé nǹkan ọ̀hún, wàá yí i sọ́tùn-ún, wàá yí i sósì: ìgò ni o, rìsíìtì ni o, páálí ìṣáná tí wọ́n kọ orúkọ ilé ọtí sí lára ni o. Gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà lápò ẹ. Lẹ́yìn náà, wàá lọ bá àwọn èèyàn, wàá máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ibẹ̀ gan-an ni géèmù wà.

Tí ẹni náà bá dáhùn tán, kámẹ́rà á dúró sójú ẹ̀. Ìwọ á wá yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: pé òótọ́ ló sọ, pé o ń ṣiyèméjì, tàbí pé irọ́ ló pa. Tó o bá ní irọ́ ló pa, géèmù á ní kó o mú ẹ̀rí wá. Kò ní gbà pé ọkàn ẹ ló sọ fún ẹ. Wàá ṣí ìwé ẹ, wàá mú ohun kan pàtó níbẹ̀ tó ta ko ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó ní òun ò dé ilé ọtí yẹn rí? Páálí ìṣáná tá a bá lọ́dọ̀ ẹ̀ ńkọ́? Tó o bá mú èyí tí kò bá a mu, ẹni náà á fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́wọ́ fún ẹ kò ní jẹ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ṣe nǹkan kan tó wù mí síbẹ̀: tó o bá ti ní irọ́ ni, tó o wá rí i pé o ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, o lè tètè kó ọ̀rọ̀ ẹ jẹ, kó o yan òmíràn. Ẹ rántí èyí fún mi.

Ẹ dúró ná, oníbàárà dé.

Ohùn kejì

Ẹ má bínú. Ẹni tó ń wá sikíríìnì Tecno ni, a ò jọ ṣe é, owó ò bára mu.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ka Àjà Ló Lẹrù níléèwé, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde lọ́dún 1969, ẹ rántí Lápàdé, ọlọ́pàá àná tó ń dá tọpa àwọn ọ̀daràn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú ìwé, Lápàdé ló ń ronú, ìwọ kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọkàn ẹ ń lù kìkì. Nínú géèmù, ìwọ lo máa ronú. Tó o bá ronú gba ibi tí kò yẹ, ìtàn ò ní dúró dè ẹ́. Kì í kọ ọ́ síwájú pé o ti kú, pé bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ náà á máa lọ bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú àṣìṣe ẹ, wàá parí ẹ̀, wọ́n á wá fún ẹ ní ìràwọ̀ kan tàbí méjì dípò márùn-ún. Ìgbà míì wà tó o máa parí ẹjọ́ láìmọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan wà tí ò bá ti sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ ká ní o bi í dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń fa ọwọ́ èèyàn sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú PS3 mi, ariwo ni. Àwọn tó ń ṣe èyí, ẹjọ́ ni wọ́n ń rò. Ọmọ mẹ́rin á yí tẹlifísọ̀n ká, ọ̀kan ṣoṣo ló mú pádì, ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá, ọmọ Gbagyi. Ọ̀kan á ní, "Ƙarya yake yi, wallahi!" Èkejì á ní irọ́ kẹ̀, ẹ̀rí ẹ̀ dà, ṣí ìwé yẹn ká wò ó. Wọ́n á padà ka ohun tí obìnrin yẹn sọ ṣáájú. Aago mélòó ló ní òun jáde nílé? Ta ló rí i? Ẹ wò ó, èmi tí mo ti ń tajà láti ọdún mọ́kàndínlógún, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìwé ìṣirò mi ò ní orí ò ní ìdí. Òótọ́ ni mo ń sọ. Èdè òyìnbó wọn náà ń dáa sí i, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń jáde nísàlẹ̀ tẹlifísọ̀n, tó ò bá kà á, wàá ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ ojú wọn wá ni ìyanu tó gbé géèmù yìí jáde. Àwọn tó ṣe é kò yàwòrán ojú lásán. Kámẹ́rà méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tò yí òṣèré kọ̀ọ̀kan ká, òṣèré gidi, tó lé ní 400. Aaron Staton, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe fíìmù Mad Men, ni wọ́n mú ṣe Phelps. Bí òṣèré bá gbé ìpéǹpéjú, bó bá gbé itọ́ mì, kámẹ́rà ti mú un. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé bó o bá ní fíìmù làwọn èèyàn yẹn ń ṣe, o ò parọ́. Ayẹyẹ fíìmù Tribeca ní New York gbà á lọ́dún 2011, òun sì ni géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà níbẹ̀.

Ó dáa. Ó yá, ibi tó kù sí.

Àwọn kéékèèké kọ́kọ́ wà. Ìlú ńlá ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, mọ́tò ayé àtijọ́ tó rẹwà, àmọ́ kò sí nǹkan gidi tó o lè ṣe nígboro ju kó o wakọ̀ láti ibi òkú dé ibi òkú. Ìdí tí pádì fi ń gbọ̀n yẹn náà, ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù: ọmọ míì á kàn máa fi ẹsẹ̀ pa ilẹ̀ kiri títí pádì á fi gbọ̀n, kò ronú kankan. Nígbà tí ìtàn bá fẹ́ parí, wọ́n á já Phelps sílẹ̀, wọ́n á ní kó o máa ṣe Jack Kelso, ẹni tó ń ṣèwádìí fún iléeṣẹ́ ìdójútòfò, nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Phelps tán. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó da ilé Phelps rú, òjijì ló bọ́ sí i. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lé ìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní ọmọọṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí náà. Lẹ́yìn tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ Team Bondi figbe ta pé àwọn ṣiṣẹ́ títí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, àti pé àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó bá wọn ṣe é ni orúkọ wọn ò jáde nínú ẹ̀. Bí ọdún mẹ́fà sí méje ni wọ́n fi ṣe géèmù náà. Ọdún 2011 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ọ̀hún fọ́.

Èyí tó tóbi jù ni ẹ̀ka ìpànìyàn. Ẹjọ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń pa. Lẹ́yìn ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, wàá fẹ̀sùn kan ẹnì kan, nígbà míì ọkọ òkú, nígbà míì ọ̀mùtí kan. Wọ́n á gbé ẹni méjì síwájú ẹ, wọ́n á ní yan ọ̀kan. Wàá kó ẹ̀rí jọ, wàá ṣe é dáadáa, wọ́n á fún ẹ ní ìràwọ̀ márùn-ún, ọ̀gá ọlọ́pàá á yìn ẹ́. Ó di ẹjọ́ kẹfà, ló bá hàn pé ẹnì kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn, ọkùnrin kan tó ń ta ọtí, tó o ti kọjá lára ẹ̀ rí tó ò kà sí èèyàn. Gbogbo àwọn tó o ti tì mọ́lé, kò sẹ́ni tó ṣe é nínú wọn. Géèmù ò bi ẹ́ ní nǹkan kan lórí ẹ̀. Wọ́n kàn ní wọn á rọra tú wọn sílẹ̀, torí pé apànìyàn náà bá èèyàn ńlá kan tan, kí ọ̀rọ̀ má bàa lu síta. Ó ṣe tán. Ìràwọ̀ márùn-ún ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe é lọ́dọ̀ mi máa ń bínú sí ibẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ní, "Bàbá, kí ni ẹ̀rí tá a wá kó yẹn wà fún?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹlòmíì á ní ọgbọ́n ni àwọn tó ṣe é dá, pé wọ́n fẹ́ ká rí bí ọlọ́pàá ṣe ń ti èèyàn mọ́lé láìjẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ni nìyẹn, ó yẹ kí géèmù jẹ́ kí ara ta èèyàn tó ṣe é. Kò ta wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú yẹn. Ẹ jẹ́ kí n pa jẹnẹrétọ̀ yìí.

Ohùn kẹta

Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà kí n tó sọ èyí. Wọ́n wà lórí gúrúùpù yìí, mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka owó lálẹ́ Sátidé, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ò sí níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní àkókò yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti parí géèmù yìí. Mo ti mọ ojú òpùrọ́ ní àmọ̀dájú. Nínú géèmù, ẹni tó ń sọ òótọ́ á wò ẹ́ lójú, ojú ẹ̀ á dúró. Ẹni tó ń purọ́ á wo ẹ̀gbẹ́, á wolẹ̀, á gbé itọ́ mì, á máa jẹ ètè.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní owó dà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dorí kodò. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kà á gbẹ̀yìn, sà." Kò wò mí lójú. Ó gbé itọ́ mì. Mo jágbe mọ́ ọn, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ó parí, mo ti mú ẹ.

Èyí náà wà nínú géèmù. Tó o bá yàn pé o ń ṣiyèméjì, o rò pé Phelps á rọra tún ìbéèrè bi ni, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, á fò fẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹni náà, á máa halẹ̀, kódà bó jẹ́ opó tí ọkọ ẹ̀ kú láàárọ̀ ni. Àwọn èèyàn fi í ṣẹ̀rín káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọ́n yí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n ní ọlọ́pàá onínúure, ọlọ́pàá oníjàgídíjàgan, kí o sì fẹ̀sùn kàn án. Ó kéré tán, èèyàn á ti mọ ohun tó ń bọ̀. Èmi, mo jágbe bíi Phelps, láàárín ọjà, lálẹ́, láìsí ìwé lápò mi.

Ẹ ò ní mọ bí ohùn ṣe ń yára rìn. Ẹnì kan tó ń kọjá gbọ́ ọ, ó pariwo, "Ɓarawo!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Kàdúná, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe. Kí n tó yíjú padà, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan ti gbá ọmọ náà lọ́rùn aṣọ mú, aṣọ ya. Mo ń sọ pé ẹ dúró, ẹ dúró, wọn ò gbọ́ mi mọ́. Géèmù ní ibi tí èèyàn lè kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Èmi ò rí i tẹ̀.

Alhaji tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì ló gba ọmọ náà. Ó dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wo èmi, kò wo wọn. Ó ní, "Ina shaida?" Ẹ̀rí dà? Kò sí. Mo ní ojú ẹ̀, Alhaji, ẹ wo ojú ẹ̀. Ó tún un sọ. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn náà wá ń wò mí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tú ká. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sílé, kò gbé báàgì ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi fẹ́ fọ jálábù mi, ló bá bá páálí kékeré kan lápò. Wébíìlì. Alẹ́ Tọ́sìdé, ọmọ ti lọ, awakọ̀ kan gbé páálí mẹ́fà dé fún mi láti Èkó, mo yọ owó nínú dúrọ́ọ̀, mo san án fún un, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí yẹn pé màá kọ ọ́ sínú ìwé tó bá di òwúrọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lọ́wọ́ ara mi.

Mo ti rò ó títí. Bí ọmọ bá ń wo àgbà lójú kòrókòró nígbà tí àgbà ń bá a wí, kí la máa ń sọ? A máa ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé àwa kọ́ la kọ́ wọn pé kí wọ́n wolẹ̀? Nílé Haúsá náà, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wá wolẹ̀ fún mi, mo ní olè ni. Àwọn òṣèré inú géèmù, ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tiwọn ni kí èèyàn wo ara wọn lójú; àti pé wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bí òpùrọ́ ni, wọ́n sì ń ṣe é kọjá ààlà kí ẹni tó mú pádì lè rí i. Òpùrọ́ gidi tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa, tó ń fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn wá, ojú wa ló máa ń wò, á tún máa rẹ́rìn-ín. Ìdajì géèmù yìí, ìdajì tó ní kó o mú ẹ̀rí wá, kò sí ohun tó dáa tó o. Ìdajì tó ní kó o wo ojú, ẹ má gbé e jáde kúrò nínú tẹlifísọ̀n.

Èmi àti àgbà méjì lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo san owó aṣọ, mo san owó oṣù rẹ̀ pé. Ìyá ní àwọn ti gbọ́. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó wolẹ̀. Ó wà ní Panteka báyìí, ó ń kọ́ wẹ́dà. A máa ń pàdé, ó máa ń kí mi dáadáa, "Ẹ kú ọjà, sà." Kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀, ti ọmọ tiyín rèé. Wọ́n kọ ọ́ sára géèmù yẹn pé ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún kò gbọdọ̀ ṣe é, òkú obìnrin tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò wà nínú ẹ̀, èmi ni mo fojú fo ìyẹn torí owó. Ẹ̀bi mi ni. Láti àná, mo ti ní kí ọmọ kékeré máa gbá bọ́ọ̀lù nìkan, ẹni tí irùngbọ̀n bá ti hù ló lè ṣe ti ọlọ́pàá. Ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà tí ọmọ yín san sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ta káàdì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó yà gbà á.